Ìbéèrè Kan Ṣoṣo tí Kóòtù Kò Béèrè

Wọ́n yẹgi fún ọkùnrin tó mọ ibi tí Shirin wà, kò sì sí ẹnì kankan tó bi í pé ibo ni Shirin wà.

Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ìyẹn ná, kí n tó sọ bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọmọ Yazidi ni Shirin. Ẹ̀yà kékeré kan ni àwọn Yazidi, ní àríwá orílẹ̀-èdè Ìráàkì, lẹ́bàá òkè tí wọ́n ń pè ní Sinjar. Ẹ̀sìn tiwọn wà lọ́tọ̀, kì í ṣe Ìsìláàmù, kì í ṣe ti ọmọlẹ́yìn Kírísítì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, àwọn agbésùnmọ̀mí ya wọ abúlé wọn. Wọ́n pa àwọn ọkùnrin, wọ́n pa àwọn ìyá àgbà tí wọn kò lè rí tà, wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin lọ kọ́ iṣẹ́ ogun, wọ́n sì ta àwọn ìyàwó àti ọmọbìnrin bí ẹni ń ta ewúrẹ́. Ìpẹ̀yàrun ni orúkọ rẹ̀. Nígbà yẹn, eyín iwájú Shirin ṣẹ̀ṣẹ̀ ká, òmíràn kò tíì hù.

Mo ń sọ ọ́ báyìí láìpariwo, nítorí iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún kò gba ariwo. Ògbufọ̀ ni mí. Bí ẹnì kan bá sọ̀rọ̀ ní èdè kan, èmi ni mo ń sọ ọ́ ní èkejì. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò mi ní Sùúrùlérè máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ tó ṣeé fi gbogbo ayé ẹni ṣe ni. Ẹ jẹ́ kí n rò ó bó ṣe rí, kí ẹ̀yin fúnra yín wò ó.

Ọmọ Mushin ni mí. Ìdí-Òro ni bàbá mi ti ń ránṣọ, ilé kéú tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo sì ti kọ́ Lárúbáwá. Nígbà tí mo ní Lárúbáwá náà ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi pàtẹ́wọ́ pọ̀, ó ní, "Mutí, ṣé lèmọ́mù obìnrin lo fẹ́ dà ni, àbí o fẹ́ máa fọ hàǹtú fún wa mu?" Mo kà á, mo sì gboyè jáde. Bí kóòtù kan ní ọ̀nà Yábàá ṣe gbà mí síṣẹ́ kò ní ìtàn nínú, owó oṣù rẹ̀ kò sì ní ọ̀rọ̀ tó ju ẹ̀rín lọ. Yorùbá sí Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n gbà mí fún. Lárúbáwá mi wà nínú àpò, bí owó ìlú òkèèrè.

Bàbá Ṣówándé ni ọ̀gá tó kọ́ mi. Ìjẹ̀bú ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀pá, kì í tú táì ọrùn rẹ̀ bó ti wù kí oòrùn mú tó. Ó mú mi dúró sẹ́yìn rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, kò jẹ́ kí n lanu. Mo rò pé ó kórìíra mi nítorí pé mo kàwé jù ú lọ. Ọjọ́ tí mo bi í, ó ní, "Ìwé wà lórí rẹ, mo mọ̀. Etí ni mò ń wá."

Ó le. Ẹlẹ́rìí tó bá sunkún, ìwọ kò gbọdọ̀ sunkún. Ó ní bí ènìyàn bá tilẹ̀ ń sunkún a máa ríran, ṣùgbọ́n ògbufọ̀ tó bá ń sunkún kò ní gbọ́rọ̀. Ẹlẹ́rìí tó bá búni, o gbọdọ̀ bú ẹni náà délẹ̀délẹ̀. Ìyá kan dìde lọ́jọ́ kan, ó nàka sí agbẹjọ́rò, ó ní, "Olúwa mi, ẹ má dá ọkùnrin yìí lóhùn, ẹnu ẹ̀ dà bí ìkòkò tó fọ́ nídìí, gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rọ sí i, ilẹ̀ ló ń lọ." Ọ̀gá mi kò yọ ìdí ìkòkò kúrò, kò yọ ilẹ̀ kúrò. Ó sọ gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, ojú rẹ̀ le koko. Ilé ẹjọ́ rẹ́rìn-ín títí adájọ́ fi gbá tábìlì. Agbẹjọ́rò náà bínú, ó ní kí ògbufọ̀ tọrọ àforíjì. Bàbá Ṣówándé ní, "Sà, èmi kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀."

Ohun tó fi lé mi lọ́wọ́ jù ni ti Jósẹ́fù, wẹ́dà kan láti Ládípọ̀. Wọ́n fẹ̀sùn kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé ó fi irin fọ́ ojú aládùúgbò wọn, Jósẹ́fù sì ni ẹlẹ́rìí tí ẹ̀gbọ́n náà pè. Ọlọ́pàá kóòtù na Bíbélì sí i, ó gbà á, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀gá mi bá na ọwọ́ sókè.

"Olúwa mi, ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í."

Adájọ́ ní, "Kí lẹ fẹ́ bi í? Ṣebí Jósẹ́fù lorúkọ ẹ̀?"

"Orúkọ nìyẹn, sà. Ìbúra ọ̀tọ̀."

Ó yíjú sí ọkùnrin náà, ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n jọ ń ṣeré ayò. "Ọ̀rẹ́, tí ìwọ àti àwọn ará ilé yín bá ń jà, tí ọ̀rọ̀ wá dójú ẹ̀, kí lo máa ń fi búra?"

Jósẹ́fù wo ilẹ̀. "Irin ni, bàbá."

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, "Jósẹ́fù Ògún!" Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Akọ̀wé yọ ọ̀bẹ tó fi ń gé okùn fáìlì, wọ́n gbé e fún un. Ó gbé e kan ẹnu, ó sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Kò lè parọ́ tó tìtorí rẹ̀ wá. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí," ó sì sọ ohun tó rí.

Nígbà tí a jáde, Bàbá Ṣówándé ní, "Ẹni tó fi ohun olóhun búra kò jẹ ọ ní òtítọ́, Mutí. Kí o tó bi ènìyàn ní ohunkóhun, kọ́kọ́ bi í ní ohun tó kà sí mímọ́." Mo gbé gbólóhùn yẹn rìn títí ó fi wúlò ní ibi tí èmi àti òun kò lérò.

Irin iṣẹ́ ń yí padà. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ méjì àti ọ̀fun ni mo ní, mo sì máa ń dúró ti ẹlẹ́rìí débi pé mo ń gbọ́ òórùn ohun tó jẹ láàárọ̀. Lẹ́yìn ìgbà náà ni ìpàdé ńlá dé, níbi tí wọ́n ti ń tì wá mọ́ inú yàrá onígíláàsì, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ há wa létí. Ibẹ̀ ni Lárúbáwá mi ti jáde kúrò nínú àpò. Ilé iṣẹ́ aláàánú kan sì gbọ́ nípa mi. Wọ́n ń wá obìnrin tó gbọ́ Lárúbáwá àti Gẹ̀ẹ́sì, tí kì í ṣe ará Ìráàkì, nítorí pé àwọn obìnrin Yazidi tó bọ́ lóko ẹrú ń bẹ̀rù láti sọ̀rọ̀ níwájú ẹni tó lè jẹ́ ìbátan ẹni tó rà wọ́n. Mo lọ.

Inú àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé, ní àríwá Ìráàkì, ni mo ti bá Bahar, ẹ̀gbọ́n Shirin. Ọ̀dọ́bìnrin ni, ó gbọ́ Lárúbáwá nítorí pé òun ni wọ́n fi kọ́ ọ ní ilé ìwé kí ogun tó dé. Bí mo ṣe kí i ló rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Khala, ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n." Khala ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni lóbìnrin. Mo ní, "Ilé kéú Mushin ló kọ́ mi, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́." Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀, nítorí pé Lárúbáwá tèmi kò jọ ti àwọn ọkùnrin yẹn létí òun.

Ẹ jẹ́ kí n ka àwọn àìdáa tí mo bá níbẹ̀ bí wọ́n ṣe tò. Èkíní, gbogbo ènìyàn ti bi í. Oníròyìn ti bi í, aláàánú ti bi í, aṣèwádìí orílẹ̀-èdè rẹ̀ àti ti àgbáyé ti bi í, olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èkejì. Nígbà tí ó bá sì ṣi ohun kékeré kan sọ nínú àwítúnwí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá ara mu. Èkejì, ohun tí wọ́n ń bi í kọ́ ni ohun tó fẹ́ sọ.

Ó ní, "Ohun tí ọkùnrin tó rà mí ṣe sí mi ni gbogbo wọn ń bi mí. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ni mo ń fẹ́."

Mo ní, "Kí lo ń fẹ́?"

"Shirin."

Ọkùnrin kan náà ló ra àwọn méjèèjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bahar ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé, nígbà tó máa fi wọlé, ọkùnrin náà ti ta Shirin fún ẹlòmíràn. Kò sọ fún un ta ni. Ìyìn Ọlọ́run ni pé wọ́n ti mú ọkùnrin náà, ó wà ní àtìmọ́lé, ó wà láàyè, ó sì lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo ni Bahar ń fẹ́ lọ́wọ́ ìdájọ́: kí wọ́n mú òun dé iwájú rẹ̀, kí wọ́n bi í ní ojú òun pé ta ni ó ta Shirin fún.

Akọ̀wé ìjọba kan wá gba ẹ̀rí rẹ̀ fún ẹjọ́ náà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ń kánjú. Bó ṣe jókòó ló tú aṣọ funfun kan, ó sì na Kùránì sí Bahar pé kí ó búra. Bahar fa ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Ojú rẹ̀ kú, bí iná tí wọ́n pa.

Àwọn tó kó o lẹ́rú ti mú un di ìwé kan náà mú. Wọ́n fipá mú un sọ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, wọ́n pààrọ̀ orúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń nà án bó bá fi èdè ìyá rẹ̀ bá Shirin sọ̀rọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ yìí kò ro ìyẹn. Ohun tí wọ́n máa ń ṣe ló ń ṣe.

Ọwọ́ mi ti wà lókè kí n tó mọ̀. Mo ní, "Ẹ dúró. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í."

Ó yà á lẹ́nu. "Ṣebí Mùsùlùmí ni ẹ̀yin náà?"

"Nítorí pé Mùsùlùmí ni mí ni. Ìwé tí mo ń kà láràárọ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ṣẹkẹṣẹkẹ̀ tí a ń fi de ọmọ ọlọ́mọ lẹ́ẹ̀kejì."

Mo bi Bahar bí ọ̀gá mi ṣe bi Jósẹ́fù. Bahar yọ aṣọ kékeré kan láti àyà rẹ̀, ó tú u. Amọ̀ funfun róbótó kan ló wà nínú rẹ̀, kò ju ìlẹ̀kẹ̀ ńlá lọ. Ilẹ̀ Lalish ni, ojúbọ wọn tó ga jù, níbi tí gbogbo ènìyàn ti ń bọ́ bàtà, tí ẹnikẹ́ni kì í tẹ ìloro mọ́lẹ̀. Omi ìsun ibẹ̀ ni wọ́n fi ń po amọ̀ náà. Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sá bọ̀ láti oko ẹrú, tí wọ́n ń bẹ̀rù pé ilé kò ní gbà wọ́n mọ́, àwọn àgbà ẹ̀sìn wọn kéde pé ọmọ wa ni wọ́n, wọ́n sì fi omi ìsun yẹn wẹ̀ wọ́n káàbọ̀. Ìyá àgbà kan ló fún Bahar ní amọ̀ náà lọ́jọ́ tí wọ́n wẹ̀ ẹ́.

Ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó yíjú sí ẹnu àgọ́ níbi tí oòrùn ti ń wọlé, ó sì fi èdè ìyá rẹ̀ búra. N kò gbọ́ ohun tó sọ. Akọ̀wé náà ká Kùránì rẹ̀ padà sínú aṣọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bahar sọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀kan, láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò sì sí ibi tó ti takókó. Ó wá fi kún un pé, "Ẹ kọ ìbéèrè mi síbẹ̀. Ta ni ó ta Shirin fún?"

Akọ̀wé ní, "A ó pè ọ́. Yóò dúró níwájú rẹ, a ó sì bi í." Èmi ni mo tú ìlérí náà sí Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn tó bẹ̀ mí níṣẹ́, gbogbo wọn mi orí pé ó dára.

Ní ìrọ̀lẹ́, Bahar ní, "Khala, ẹ má tíì fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ o. Shirin kéré nígbà tí wọ́n mú un. Kò ní mọ èdè wa mọ́. Tí wọ́n bá rí i, ẹ̀yin lẹ máa túmọ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi."

Mo ti túmọ̀ láàárín ọkọ àti aya tó ń kọ ara wọn sílẹ̀. Mo ti túmọ̀ fún àwọn olóyè orílẹ̀-èdè. Kò sí ẹni tó bẹ̀ mí ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Mo padà sí Lawanson, ní Sùúrùlérè. Àjàkálẹ̀ àrùn kófíìdì dé, iṣẹ́ wa bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, mo ń jókòó sí pálọ̀ mi pẹ̀lú hẹ́dífóònù létí, tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ń bá mi du ọ̀rọ̀. Ìdí kọ̀ǹpútà náà ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Bahar pè.

"Khala, wọ́n ti pa á."

Ọkàn mi lọ sí Shirin. "Ta ni?"

"Òun. Wọ́n ti yẹgi fún un. Orí fóònù ẹlòmíràn ni mo ti rí i."

"Ṣé wọ́n pè ọ́ sí kóòtù?"

"Kò sẹ́ni tó pè mí."

"Ṣé wọ́n bi í?"

Ó ní, "Khala, ojú yín ni wọ́n ti sọ fún mi pé wọ́n máa bi í."

Mo ti wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, mo sì lè sọ ọ́ láìfi iyọ̀ kún un. Ìgbẹ́jọ́ náà kò pẹ́ tó ẹ̀wà tó wà lórí iná. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó wà nínú ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí. Wọn kò fi ẹ̀sùn ìfipábánilòpọ̀ kàn án, wọn kò dárúkọ ẹrú títà, wọn kò dárúkọ ìpẹ̀yàrun, wọn kò dárúkọ Bahar. Yorùbá ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èyí kò tilẹ̀ gbọ́ ti ẹnì kan. Ẹ má sì sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe. Ní Jámánì, adájọ́ pe àwọn obìnrin Yazidi, wọ́n jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀, ògbufọ̀ túmọ̀, kóòtù sì pe ẹ̀ṣẹ̀ náà ní orúkọ rẹ̀.

Mo pe àwọn tó bẹ̀ mí níṣẹ́. Wọ́n ní àwọn ti fi ẹ̀rí náà ránṣẹ́. Mo pe ibi tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n ní ẹ̀ka mìíràn ni. Ẹ̀ka mìíràn ní ẹjọ́ ti parí, kí ni mo tún ń wá? Àwọn aṣèwádìí tí àgbáyé rán lọ ti palẹ̀ mọ́ kúrò ní Ìráàkì. Sàréè wà tí wọn kò tíì tú. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá fún ogun ṣì wà nínú àgọ́, nítorí ilé wọn ní Sinjar kò tíì ní ààbò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wọn, tó jẹ́ pé ẹnu àgbà lọ́mọ ti ń gbà á, ń dín kù bí àgbà kọ̀ọ̀kan ti ń kú láìrí ọmọ tó máa gbà á. Níbì kan, ọmọbìnrin kan tó ti dàgbà ń jẹ́ orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé kò mọ̀ pé wọ́n ń wá òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ti sọ fún mi pé fóònù ń túmọ̀ báyìí. Òótọ́ ni, èmi náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n fóònù kò lè na ọwọ́ sókè pé ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi í. Bí ẹ bá lè ṣe ìyẹn, ẹ wá ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn.

Mo ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan wà tí n kò tíì jẹ́, n kò sì fi í lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nítorí náà, mo ń bi yín, ẹ̀yin tí ẹ gba ẹ̀rí, ẹ̀yin tí ẹ fi ránṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ jókòó lórí àga ìdájọ́, ẹ̀yin tí ẹ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yẹgi: ta ni nínú yín ló ka ìbéèrè Bahar? Ta ló rí i tó sì pa á tì? Ẹ̀rí àwọn tó kù, ọwọ́ ta ló wà? Àwọn ọkùnrin tó ṣì wà ní àtìmọ́lé yín lónìí, tí wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ta ọmọ ọlọ́mọ fún, ìgbà wo lẹ máa bi wọ́n? Ẹ dáhùn nígbà tí wọ́n ṣì lẹ́nu. Ẹni tí ẹ pa kò lè dáhùn mọ́, ẹ̀yin lẹ kù. Níbo ni Shirin wà?